Ìyàwó Mi Ni Kèké Mú

Ẹ̀gbọ́n, ẹ má wulẹ̀ fún mi ní àga, ìdúró ni mo máa sọ ọ́! Àbúrò yín tí mo fi ṣaya ti sọ mí di àlejò nínú ilé tí èmi káfíńtà fi ọwọ́ ara mi ṣe gbogbo ilẹ̀kùn rẹ̀. Rárá, a ò jà. Ìjà ì bá tiẹ̀ sàn.

Obìnrin oníwádìí kan ló wá. Wọ́n ń bi àwọn ará orílẹ̀-èdè yìí léèrè bí ayé ṣe rí lára wọn. Wọ́n ti ka gbogbo ilé àdúgbò, wọ́n ṣẹ́ kèké, ó bọ́ sí tiwa. Inú mi dùn, mo ní wọ́n mà kúkú mọ ilé ọlọ́gbọ́n. Mo nu àga, mo húkọ́, mo ti ń bá ọ̀rọ̀ iná mànàmáná bọ̀, ló bá ní kí n dákẹ́ ná. Ó ní òun á kọ orúkọ gbogbo àgbà inú ilé, òun á sì tún ṣẹ́ kèké láàárín wa. Èmi, ìyàwó mi, àti ìyá mi tí etí wọn ti di. Ta ni kèké mú? Àbúrò yín, tó wà níbi iṣẹ́!

Mo ní èmi rèé, mo lè sọ tèmi kí n sọ tiẹ̀ mọ́ ọn. Ó kọ̀ jálẹ̀. Ó ní bó bá jẹ́ ẹni tó bá wà nílé tó sì lẹ́nu nìkan làwọn ń bi, ohùn irú mi nìkan làwọn máa kó jọ, àwọn á wá pè é ní ohùn gbogbo ìlú. Ẹ gbọ́ èébú! Ẹ̀ẹ̀mẹta ló padà wá kó tó bá a. Èmi sì rèé, mo jókòó síbẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Wọ́n wá ní kí n jáde. Nínú pálọ̀ mi! Wákàtí kan gbáko, Ẹ̀gbọ́n. Obìnrin tí kì í sọ ju "ó dáa" àti "mo ti gbọ́" lọ fún mi, ó ń sọ̀rọ̀, ó ń sọ̀rọ̀, ó rẹ́rìn-ín, mo wá gbọ́ tó ń fun imú. Kí ló pa á lẹ́kún? Ta ló ṣe é ní kí ni?

Bó ṣe jáde ni mo bi í pé kí ló sọ. Ó ní àṣírí ni, oníwádìí ti ṣèlérí. Mo ní èmi ọkọ rẹ ńkọ́? Ó wojú mi, ó ní, "Ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n, ẹ ò bi mí rí."

Ṣé èsì nìyẹn? Ẹ má rẹ́rìn-ín. Ẹ pè é, kẹ́ ẹ bá mi bi í.

Kí n padà lọ bi í fúnra mi? Èmi? Ibo ni wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀ ìyẹn?

Ó dáa. Ẹ bá mi wá obìnrin yẹn kàn, kó kó ìwé ìbéèrè rẹ̀ fún mi. Lónìí yìí!