Ajá Mu Omi Nínú Búútà Ìyá Ọkọ Mi

Ìlọrin ni mò ń gbé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n fi orúkọ mi pamọ́. Ìyá ọkọ mi ń lọ sí Mẹ́kà lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, ohun tí mo fi pamọ́ fún un kò sì jẹ́ kí n rí oorun sùn.

Mò ń sọdá títì ní Challenge, ní Ìlọrin níbí, nígbà tí ọkọ̀ kan já lu èmi àti ajá ìgboro kan tó wà níwájú mi. Ajá náà ló gbá. Bí kò bá gbá a, èmi ni ì bá gbá. Awakọ̀ yẹn kò tilẹ̀ dúró. Títí di òní, tí mo bá gbọ́ ìró bíréèkì, mo máa ń fò sẹ́yìn.

Àwọn èèyàn sáré sí mi, wọ́n ń da omi sí mi lórí. Èmi tí ìgúnpá mi kàn bó! Ajá ń ké lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ọkùnrin kan sì fi ẹsẹ̀ tì í sí gọ́tà. Ó ní, “Ẹ jẹ́ ká ráyè tọ́jú èèyàn!” Inú bí mi gan-an. Mo gbé ajá náà lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹranko. Ó di ẹsẹ̀ rẹ̀ tó dá, ó gún un lábẹ́rẹ́, ó ní kí n máa fún un lómi dáadáa.

Nígbà tí mo gbé e délé, Màmá, ìyá ọkọ mi, gbà pé kó wà lẹ́yìnkùlé. “Ṣùgbọ́n Ìyàwó, ọjọ́ tó bá fẹnu kan ohun ìlò mi, ìwọ àti ẹ̀ lẹ ó jọ jáde.”

Nígbà tí òùngbẹ ń gbẹ ajá, Màmá jókòó sẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná, n kò lè mú abọ́ níbẹ̀. Mo tọrọ abọ́ àlòkù lọ́wọ́ aládùúgbò wa. Ó ní, “Abọ́ mi kẹ̀? Kí ajá máa lá a? Bu omi sọ́wọ́ fún un!” Mo bu ú sọ́wọ́, ó ń jò dànù. Ajá ń mí hẹlẹhẹlẹ. Búútà tí Màmá fi ń ṣe àlùwàlá wà nítòsí. Ẹ jọ̀ọ́, kí ni ǹ bá ṣe? Mo ṣí i, ajá ki ẹnu bọ̀ ọ́.

Wọ́n kọ́ wa nílé kéwú pé ìgbà méje là ń fọ ohun tí ajá bá lá. Ẹ̀ẹ̀kan ni mo ráyè ṣàn án. Màmá ti ń pariwo: “Búútà mi dà? Ìrun Alásárì ń lọ o!” Mo pọnmi sí i, mo gbé e fún un. Ó ṣe àlùwàlá, ó kírun. Mo fọ̀ ọ́ pé méje lọ́jọ́ kejì, ṣùgbọ́n ìrun ọjọ́ yẹn ń kọ́?

Lánàá, Màmá ń tọrọ àforíjì kiri ilé, bí àwọn tó ń lọ Mẹ́kà ṣe máa ń ṣe. “Ìyàwó, ohun tí mo bá ti ṣe ọ́, fi jì mí nítorí Ọlọ́hun.” Mo ní mo ti fi jì í. Tèmi kò jáde lẹ́nu mi. Ajá náà ṣì ń tiro. Bí ó bá lé wa, ibo la fẹ́ gbà?

Ẹ jọ̀ọ́, ṣé kí n sọ fún un kó tó lọ? Ẹni tó bá mọ̀ nípa ìrun náà, kó là mí lọ́yẹ. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ bú mi, kó kọ́kọ́ sọ abọ́ tí òun ì bá yọ̀ǹda.