Mo Fi "Bẹ́ẹ̀ Kọ́" Dí Àyè Òfo

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ mi tán kí ẹ tó bú mi. Ọ̀rọ̀ yìí há mi lọ́fun bí eegun ẹja. Mo rò pé màá gbé e mì, kò lọ. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Epinmi lọ́jọ́ Àìkú tó kọjá ló jẹ́ kí n máa kọ ọ́ báyìí.

Iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ni mò ń ṣe nínú ilé mi ní Ìkàrẹ́. Iléeṣẹ́ wa ló ń tọ́jú ẹ́ńjìnnì kan tó ń gbé áàpù ṣiṣẹ́. Áàpù ni ẹ ń rí, ẹ́ńjìnnì ló wà lábẹ́ rẹ̀. Àwọn ilé ìwòsàn wà lára àwọn tó ń lò ó.

Wọ́n ní kí n tún ẹ́ńjìnnì náà ṣe kó lè gba òfin tuntun tí èdè kọ̀ǹpútà mú wá nípa àyè òfo. Tẹ́lẹ̀, àyè tí ẹnikẹ́ni kò kọ nǹkan sí lè dá áàpù dúró lójijì. Òfin tuntun ní kí a kéde gbogbo àyè tó lè ṣófo, kí èyí tí a bá sì ní kò lè ṣófo má ṣófo láé.

Iṣẹ́ náà le. Àwọn áàpù àtijọ́ kò kéde ohunkóhun. Bí mo ṣe ń tún ibì kan ṣe ni ẹ́ńjìnnì ń pariwo pé àṣìṣe wà níbòmíràn. Ọ̀gá mi ń kánjú, ó sì ti sú mi. Mo bá gba ọ̀nà ẹ̀bùrú. Mo ní kí ẹ́ńjìnnì máa fi "bẹ́ẹ̀ kọ́" dí ìbéèrè tí ìdáhùn rẹ̀ bá ṣófo. Ariwo dákẹ́, wọ́n sì yìn mí.

Mo mọ̀ pé "a ò tíì béèrè" kì í ṣe "bẹ́ẹ̀ kọ́". Mo mọ̀ ọ́n, mi ò ní purọ́ fún yín.

Àǹtí Fúnkẹ́ ń ṣiṣẹ́ nọ́ọ̀sì nígbà náà ní ilé ìwòsàn kan ní Ọ̀kà tó ń lo ẹ́ńjìnnì wa. Àwọn ló di ọwọ́ mi mú nígbà tí mo ń rọbí Tolú. Lọ́jọ́ kan, wọ́n gbé ìyá àgbàlagbà kan wá láti Epinmi, èdè ìlú rẹ̀ nìkan ló gbọ́. Àǹtí béèrè bóyá oògùn kan wà tí ara rẹ̀ kọ̀, kò yé ìyá. Àǹtí fi àyè náà sílẹ̀ lófo di ìgbà tí ọmọ rẹ̀ bá dé. Nọ́ọ̀sì tó gba iṣẹ́ lọ́wọ́ wọn wo kọ̀ǹpútà, ó rí "bẹ́ẹ̀ kọ́", ó sì gún ìyá lábẹ́rẹ́. Oògùn tí ara ìyá kọ̀ ni. Ìyá kú kí ọmọ rẹ̀ tó dé.

Àǹtí búra pé àwọn ò kọ nǹkan kan síbẹ̀. Kò sẹ́ni tó gbà wọ́n gbọ́. Ilé ìwòsàn lé wọn lẹ́nu iṣẹ́. Àǹtí wá bá mi nílé.

"Ìyá Tolú, ìwọ lo mọ kọ̀ǹpútà. Ṣé ó lè dá nǹkan kọ fúnra ẹ̀?"

"Rárá, Àǹtí," ni mo wí. "Ohun téèyàn bá tẹ̀ ló ń gbé jáde."

Wọ́n wo ọwọ́ wọn títí. "Á jẹ́ pé èmi ni mo tẹ̀ ẹ́ nìyẹn."

Nígbà tí wọ́n lọ tán, mo tún ẹ́ńjìnnì ṣe ní bòókẹ́lẹ́ kó má dí àyè òfo mọ́. Mo sọ fún ọ̀gá mi pé àtúnṣe kékeré kan ni. Wọ́n ní ìka tó bá ṣẹ̀ lọba ń gé. Tèmi ló ṣẹ̀, ti Àǹtí ni wọ́n gé. Ẹ̀rù iṣẹ́ bà mí, ẹ̀rù ẹ̀wọ̀n bà mí, ojú Àǹtí gan-an bà mí lẹ́rù. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gba tèmi rò.

Lọ́jọ́ Àìkú, Àǹtí bẹ̀ mí kí n fi mọ́tò mi gbé wọn lọ sí Epinmi. Níwájú àwọn ọmọ ìyá náà, Àǹtí kúnlẹ̀.

"Ẹ foríjì mí. Ọwọ́ mi ló ṣì."

Àkọ́bí ìyá fà wọ́n dìde, ó ń sunkún. "Ẹ dìde, mà. A ti foríjì yín." Ẹ̀yìn wọn ni mo dúró sí.

Ẹ jọ̀ọ́, kí ni kí n ṣe? Ṣé ilé ìyá náà ni kí n kọ́kọ́ lọ ni, àbí ọ̀dọ̀ Àǹtí? Láàárọ̀ yìí ni Àǹtí pè mí, wọ́n ní àwọn fẹ́ dúpẹ́ pé mo bá àwọn lọ. "Ọlọ́run ò ní jẹ́ kí o rí irú ẹ̀."

Mo ní, "Àmín, mà." Ẹ jọ̀ọ́, báwo ni mo ṣe fẹ́ pè wọ́n padà?