Ẹni Mọ́kànlá Péré

Ẹ̀yin ará ẹgbẹ́ Àká, ẹ má pè mí ní àgbà lónìí. Ẹ jẹ́ kí n tú ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀ kó tó pa mí.

Gbogbo yín mọ òfin wa. Áàpù kékeré tí ẹnì kan bá ṣe, kí a tó kó o sínú Àká wa fáwọn èèyàn láti gbà lọ́fẹ̀ẹ́, ẹni méjì á kọ́kọ́ lò ó lórí fóònù tiwọn fún ọjọ́ méje. Èyí tó bá sì ti wọlé, gbogbo wa la ó máa tún un ṣe. Nígbà tí Tòyíbàt, akẹ́kọ̀ọ́ tó ń gbé ládùúgbò Ayigya, gbé tirẹ̀ wá, èyí tó ń fi Yorùbá ké sáwọn àgbà pé àsìkò oògùn ti tó, tí àgbà mọ́kànlá sì ti ń lò, èmi Sàlàkọ́ àti Kwasi lẹ gbé e fún. Wàláì, n ò ṣí i rí! Inú ló ń bí mi. Ọmọ náà ti tọ́ka àṣìṣe inú áàpù tèmi lójú gbogbo yín, ẹ sì rẹ́rìn-ín. Èmi àgbàyà! Mo kọ ọ́ pé: "Mo lò ó fún ọjọ́ méje, ó ń kú lójijì. Ẹni mọ́kànlá péré ló sì ń lò ó." Kwasi ní, "Chale, ọ̀rẹ́ mi, tí o bá ti wò ó, ó ti tán nìyẹn." Ó bá fọwọ́ sí i, ẹ sì dá áàpù náà padà.

Ó dun Tòyíbàt, ó pa á tì. Nígbà tí àwọn fóònù gba àtúnṣe tuntun, áàpù náà yadi. Ìyá mi, Sùwéébátù, tí kò mọ̀wé, pè mí láti Bantama tí wọ́n ń gbé: "Sàlàkọ́, fóònù mi ò sọ̀rọ̀ mọ́ o." Mo ní màá wá wò ó. N ò lọ. N ò tiẹ̀ béèrè ohun tó máa ń sọ. Lọ́jọ́ kẹsàn-án, ẹ̀jẹ̀ ríru gbé wọn ṣánlẹ̀, ẹnu wọn wọ́. Oògùn wọn wà lábẹ́ ìrọ̀rí, wọn ò fọwọ́ kàn án. Mo ṣí fóònù wọn. Áàpù Tòyíbàt ni! Àṣé ó ti fi í síbẹ̀ fún wọn ní àsàlátù. Màmá mi wà nínú àwọn mọ́kànlá. Ẹni da eérú ni eérú ń tọ̀.

Lánàá, Tòyíbàt wá síbi ibùsùn wọn, kò sì pẹ́ tó fi tún un ṣe. Fóònù ké: "Ìyá, oògùn o!" Màmá mi fi ẹnu wíwọ́ rẹ́rìn-ín. Tòyíbàt wá yíjú sí mi. Ó ní, "Bùrọ̀dá, ẹ ṣé tẹ́ ẹ fara balẹ̀ dán an wò nígbà yẹn. Mo wá àléébù tẹ́ ẹ rí yẹn títí, n ò rí i."

Tòyíbàt, o jókòó síbẹ̀ yẹn. Kò sí àléébù kankan níbẹ̀, irọ́ ni mo pa. Jọ̀ọ́, forí jì mí. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ má fi inú bíbí ṣèdájọ́ iṣẹ́ ọmọlọ́mọ. Màmá mi ò tíì gbọ́. Tí mo bá kúrò níbí, Bantama ni mò ń lọ.