Igbá Tó Fì Sí Ẹ̀gbẹ́ Kan

Ẹ̀yin òǹkàwé, olùkọ́ ni mí, mo ti fẹ̀yìn tì, Kétu ni mo sì ń gbé. Irọ́ kan wà tí mo pa fún ọmọ iléèwé mi kan. N kò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni rí, títí kan ọkọ mi tó ti dolóògbé. Mo ń sọ ọ́ báyìí nítorí pé ọkọ̀ tòmátì fẹ́rẹ̀ẹ́ pa ọmọ náà ní Mile 12 lọ́sẹ̀ tó kọjá, èmi ni mo sì fà á. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kà á dé òpin kí ẹ tó bínú sí mi.

Físíìsì ni mo kọ́ wọn. Iṣẹ́ ọjọ́ náà ni láti wá ojúkò ìwúwo, ìyẹn ibi tí gbogbo ìwúwo nǹkan ti pàdé. Bí ẹ bá gé orí bọ́ọ̀lù tí inú rẹ̀ ṣófo, tó sì nípọn bákan náà yíká, ojúkò náà wà ní ìdajì gíga rẹ̀ gẹ́lẹ́. Bí inú rẹ̀ bá kún, bíi sìmẹ́ǹtì tí a dà sínú igbá tó sì gan, ojúkò náà yóò sún mọ́ ojú rẹ̀ tó tẹ́ pẹrẹsẹ. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé ọ̀kan náà ni méjèèjì.

Igbá ni mo lò fún èyí tó ṣófo. A máa ń gún ẹyọ ìgbálẹ̀ kan dúró láàárín rẹ̀, a ó fi okùn gbé e kọ́ láti etí, a ó sì jẹ́ kí okùn mìíràn tó ní òkúta nídìí rọ̀ sílẹ̀ láti ibẹ̀. Ibi tí okùn náà bá ti gba ara ìgbálẹ̀ kọjá ni a ń wá.

Igbá mi kò bọ́ sí ìdajì, nítorí ìdí igbá máa ń nípọn ju ẹnu rẹ̀ lọ. Ǹ bá sọ bẹ́ẹ̀ fún àwọn ọmọ. Ṣùgbọ́n àwọn alábẹ̀wò iléèwé láti ọ̀dọ̀ ìjọba ń bọ̀, mo sì fẹ́ kí ó rí bíi ti inú ìwé. Mo lẹ òjé mọ́ inú igbá lábẹ́ etí, ní ẹ̀gbẹ́ kan. Mo fi ìda bò ó, mo kun gbogbo inú rẹ̀ ní dúdú. Mo wá lu ihò sí etí kejì. Láti ihò yẹn, ìdajì gẹ́lẹ́ ni okùn ń bọ́ sí. Mo gbé igbá náà lé òṣùká kí ẹnikẹ́ni má baà rí i pé ó fì.

Kíkẹ́ rí i. Kì í ṣe orúkọ rẹ̀ nìyẹn, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n pè é bẹ́ẹ̀. Ọmọ tó máa ń wọn nǹkan lẹ́ẹ̀kejì kí ó tó gbà á gbọ́ ni. Ó gbé igbá kúrò lórí òṣùká, ó gbé e lé tábìlì. Igbá náà rọra fì, bí ẹni tó ń fetí sí nǹkan.

"Mà, ẹ wò ó, ó fì."

"Kò fì."

"Ó fì, Mà. Apá ọ̀dọ̀ yín ló fì sí."

Àwọn alábẹ̀wò jókòó lẹ́yìn. Mo yíjú sí kíláàsì. "Ẹ̀yin ọmọ, ṣé igbá yìí fì?"

Wọ́n wo ojú mi. "Rárá, Mà!"

Ọ̀kan nínú wọn kígbe pé, "Ojú Kíkẹ́ ló fì!" Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dárí jì mí, èmi náà rẹ́rìn-ín. Kíkẹ́ kò jiyàn mọ́. Ó ń wo igbá, ó ń wò wá, ó tún ń wo igbá.

Ó ti dàgbà báyìí. Ìkòsì ló ń gbé, ó sì máa ń wá kí mi bí ìyá. Ṣùgbọ́n kò lè sọdá títì láìbi ẹlòmíràn léèrè pé ṣé ọkọ̀ ń bọ̀. Dókítà ojú yẹ̀ ẹ́ wò, kò rí àìsàn kankan. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó bi alábàárù kan léèrè, ìyẹn sì fi í ṣe ẹ̀fẹ̀: "Aunty, kò sí nǹkan jàre, ẹ máa lọ!" Ọkọ̀ sì gbá a lápá.

"Mo rí ọkọ̀ náà, Mummy," ó sọ fún mi nílé mi, báńdéèjì wà lápá rẹ̀. "Mo rí i kedere. Ṣùgbọ́n ó ní kò sí nǹkan."

 Igbá ọjọ́ náà, tí mo gbé wálé nígbà tí mo fẹ̀yìn tì, wà lórí kọ́bọ́ọ̀dù lẹ́yìn rẹ̀, ó sì ń mì.

Ó ti tó oṣù mélòó kan tó ti ń mì. Mo kọ́kọ́ rò pé tírélà alùbọ́sà ló ń mi ilé. Ṣùgbọ́n ó ń mì nígbà tí títì bá dákẹ́ rọ́rọ́. Mo fi ọ̀bẹ họ òjé náà kúrò. Ó ṣì ń fì, sí apá ibi tí mo bá jókòó sí. Mo gbé àga síbòmíràn, ó yí tẹ̀lé mi.

Mo ní, "Kíkẹ́, wẹ̀yìn. Ṣé igbá yẹn ń mì?"

Ó wò ó pẹ́. Lẹ́yìn náà ó wo ojú mi.

"Mummy, ṣé ẹ fẹ́ kí ó máa mì ni?"



Ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ sọ fún un pé òótọ́ ló rí lọ́jọ́ náà. Ṣùgbọ́n bí mo bá sọ ọ́, ẹnu mi ni yóò tún gbà gbọ́, kì í ṣe ojú ara rẹ̀. Bí mo bá sì dákẹ́, yóò tún sọdá títì lọ́la. Ó ń bọ̀ wá kí mi lọ́jọ́ Àìkú yìí. Ẹ̀yin tí ẹ ti tọ́ ọmọ, ẹ gbà mí: kí ni mo lè sọ tí kò ní jẹ́ àṣẹ mìíràn létí rẹ̀? Báwo ni ènìyàn ṣe ń dá ojú padà fún ẹni tó ni ín?