Ihò Tí Mo Fi Sílẹ̀ Lábẹ́ Ìjókòó

Ọmọ àbúrò mi, jókòó kí o tó ka ìwé yìí. Ọdún mẹ́rìndínlógún ni mo ti fi ọ̀rọ̀ yìí sínú. Ṣùgbọ́n nígbà tí o wá sí ṣọ́ọ̀bù lọ́jọ́ Àìkú, tí o ní bàbá rẹ kò gbọdọ̀ yọjú síbi ìgbéyàwó rẹ, pé èmi ni kí n jókòó sí ààyè rẹ̀, mo rí i pé ọ̀rọ̀ ti kọjá dídákẹ́. Bàbá rẹ kọ́ ló pa ìyá rẹ, àbúrò mi. Èmi ni.

Bàbá rẹ ra ọkọ̀ kékeré kan tí wọ́n ṣe fún eré sísá, síbẹ̀ eré náà kò tó o. Ó ní, “Bọ̀ọ̀dá, ẹ bá mi fún un lágbára díẹ̀ sí i.” Inú mi dùn, torí mo mọ iṣẹ́ náà bí ẹni mowó. Ẹ́ńjìnnì ò yàtọ̀ sí ẹni tó ń sáré: bó bá ṣe ń mí tó ni agbára rẹ̀ ṣe máa tó. Mo yọ asẹ́ tó ń gba afẹ́fẹ́ wọlé, mo fi èyí tó fẹ̀ sí i. Mo gé sàlẹ́ńsà dànù pẹ̀lú àpótí tó ń fọ èéfín mọ́, mo jó páìpù gbọọrọ kan sí ààyè wọn títí dé ìdí ọkọ̀. Bàbá rẹ tún fẹ́ aago kan tí yóò máa sọ bí èéfín ṣe gbóná tó. Mo lu ihò sí ilẹ̀ ọkọ̀, lábẹ́ ìjókòó iwájú, kí wáyà rẹ̀ lè gbabẹ̀ kọjá. Ó yẹ kí n fi rọ́bà dí i yíká. Èyí tó wà nílẹ̀ kò bá a mu, mo ní màá wá òmíràn. Mi ò wá a.

Kò tó oṣù méjì tí ibi tí mo jó pọ̀ fi sán. Mo gbọ́ ọ fúnra mi nígbà tí bàbá rẹ ṣáná sí i láàárọ̀: tẹ́-tẹ́-tẹ́, bí ẹni ń pòṣé sí mi. Mẹkáníìkì wo ni kò mọ̀ pé ohùn páìpù tó ń jò nìyẹn? Mo ní, “Tó bá gbóná, á dákẹ́.” Ó sì dákẹ́, torí irin máa ń wú tó bá gbóná. Ìyá rẹ ló fẹjọ́ sùn. Ó ní, “Bọ̀ọ̀dá, tí mo bá ti pẹ́ nínú ọkọ̀ yìí, orí máa ń fọ́ mi, oorun á sì máa kùn mí.” Mo fi í ṣe yẹ̀yẹ́. “Ìwọ tó o ti ń sùn kiri láti kékeré, ọkọ̀ ló wá dẹlẹ́ṣẹ̀?” Ó rẹ́rìn-ín. Òmùgọ̀ ni mí.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan tí òjò ń rọ̀, àwọn òbí rẹ yí gíláàsì sókè, wọ́n gbéra ìrìn wákàtí mẹ́ta. Ìwọ wà lọ́dọ̀ ìyá wa. Ọkọ̀ náà rọra yà kúrò lójú ọ̀nà, ó lọ kọlu igi. Bàbá rẹ jí ní ọsibítù. Ìyá rẹ ò jí. Mo lọ wo ọkọ̀ náà. Páìpù ti là yíká lábẹ́ ihò yẹn gan-an, mo sì mọ ibi tí èéfín gbà wọlé. Mo ní kí wọ́n gbé e fún mi kí bàbá rẹ má baà máa rí i. Gbogbo èèyàn ní mo ṣeun. Mo gé páìpù náà wẹ́lẹwẹ̀lẹ.

Ìyẹn kọ́ ló burú jù. Gbogbo mọ̀lẹ́bí jókòó ní pálọ̀ ìyá wa. Bàbá rẹ ń sọ pé òun ò mọ bó ṣe jẹ́, ojú òun kàn ṣú ni. Ìyá wa yíjú sí mi. “Ìwọ lo mọ ọkọ̀. Ṣé ó ní àléébù ni?”

Mo ní, “Kò ní. Ó sùn ni.”

Ọjọ́ yẹn ni wọ́n gbà ọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Kò bá wọn jà. Òun náà gbà pé òun sùn.

Àná ni mo lọ bá a nílé, mo rò ó fún un látòkèdélẹ̀. Mo rò pé yóò lù mí. Ó kàn ní, “Bọ̀ọ̀dá, ṣé mi ò sùn nígbà náà?” Mo ní, “O ò sùn. Èéfín ló gbé ọ lọ.” Ó fọwọ́ bojú, ó sunkún bí ọmọdé.

Mo ń bẹ̀ ọ́, dárí jì mí lọ́jọ́ tí ọkàn rẹ bá gbà á, kì í ṣe lónìí. Mo kọ nọ́ńbà bàbá rẹ sẹ́yìn ìwé yìí. Pè é kó o tó pe èmi.