Ẹni Tí Yóò Rán Jákọ́ọ̀bù Lọ

Nígbà tí orúnkún mi ṣì ń gbọ́ tèmi, tí mo lè fẹsẹ̀ rìn láti Akínyẹlé níbí dé ọjà Ṣáṣá kí oòrùn tó mú… ìgbà yẹn ni mò ń wí. Jókòó dáadáa, Dámilọ́lá. Gbé fóònù yẹn sílẹ̀. O ní kí ìyá àgbà rẹ sọ bí Jákọ́ọ̀bù àbúrò mi ṣe di oníwàásù, kí o lè rí i sọ lọ́jọ́ Àìkú tí wọ́n máa gbọ́wọ́ lé ọ lórí bí oníwàásù. Ó dáa. Fetí sílẹ̀.

Ẹnu Jákọ́ọ̀bù dùn. Àti kékeré ni. Tó bá ń gbàdúrà, àwọn tó ń lọ oko á dúró gbọ́. Ó wá lọ síbi ìsọjí kan n'Ìbàdàn, ó dé, ọ̀rọ̀ yí padà. Ó ní Ọlọ́run ti bá òun sọ̀rọ̀. Bóyá lóòótọ́ ni, èmi ò sí níbẹ̀. Inú àwọn àgbà ìjọ dùn, wọ́n ní kó máa lọ wàásù ní abúlé kan lódìkejì odò, níbi tí kò tíì sí ìjọ. Màmá wa ti di ẹrù fún un.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó gba iwájú ilé Bàbá Bùràímọ̀ kọjá. Mùsùlùmí ni Bàbá yìí, àwọn ló sì fún ìjọ wa nílẹ̀ tí a kọ́ ilé Ọlọ́run sí. Ọ̀fẹ́ ni o. Ta ló máa fún ọ nílẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ lónìí? Bàbá ń ṣe àlùwàlá, kẹ́tùlù wà lọ́wọ́ wọn. Jákọ́ọ̀bù dúró ṣánṣán, ó ní ẹ káàárọ̀. Bàbá wò ó. Wọ́n ní ṣé ẹ̀yìn ń dùn ún ni?

"Rárá, Bàbá. Ọlọ́run nìkan ni mò ń dọ̀bálẹ̀ fún."

Bàbá ní ó dáa. Wọ́n ń fọ ẹsẹ̀ wọn lọ.

Kí ọ̀sán tó pọ́n, gbogbo abúlé ti gbọ́. Ìtìjú bá Màmá wa, wọ́n sunkún. Inú bí èmi náà, ká má parọ́. Bàbá Ìjọ, àgbà tó ń darí ìjọ wa, ránṣẹ́ pe Jákọ́ọ̀bù, wọ́n ní kó lọ tú ẹrù rẹ̀, ó di ọjọ́ tí Bàbá Bùràímọ̀ bá ní kó máa lọ.

Jákọ́ọ̀bù ní, "Mùsùlùmí ló máa rán mi lọ wàásù Jésù?"

Bàbá Ìjọ ní, "Ilẹ̀ ta lo ti ń wàásù rẹ̀ látọjọ́ yìí?"

Lọ́jọ́ kejì, ó lọ dọ̀bálẹ̀. Ó yára dọ̀bálẹ̀, ó yára dìde, bí ẹni tí èèrùn ta. Bàbá kí i dáadáa, wọn ò sọ pé kó máa lọ. Ó tún lọ. Bákan náà ni. Ó wá rí i pé ẹ̀yìn Bàbá gan-an ló ń dùn wọ́n, koríko sì ti kún oko iṣu wọn. Ó bá gbé ọkọ́, ó ń bá wọn kọ ebè. Mo mọ Jákọ́ọ̀bù, torí kí wọ́n lè tètè tú u sílẹ̀ ni.

Wọ́n gbin iṣu, wọ́n wà á. Òjò mìíràn dé… kò béèrè ìgbà tí òun máa lọ mọ́. Nígbà ààwẹ̀, òun ló ń gbé oúnjẹ ìṣínu lọ fún Bàbá. Tó bá gbàdúrà ní ṣọ́ọ̀ṣì, kì í pẹ́. Ó sọ fún mi nígbà kan pé ó ń dun òun, pé ó jọ pé Ọlọ́run ti gbàgbé òun sínú oko Bàbá Bùràímọ̀. Àánú rẹ̀ ṣe mí. Ṣé Ọlọ́run ló ń ṣe é? Jákọ́ọ̀bù padà ní Ọlọ́run ni. Èmi, ọkùnrin tó ń kọ ebè ni mo rí.

Àwọn ará òdìkejì odò ló wá. Ọmọ wọn kan kú, ọ̀dọ́ langba, wọ́n ń fẹ́ ẹni tó máa bá wọn sọ̀rọ̀. Mo mú wọn lọ bá a lóko. Tẹ́lẹ̀ ńkọ́, ì bá ti sáré lọ! Ó gbára lé ọkọ́, ó ní kí wọ́n má bínú, òun kọ́ ló máa dá a sọ, kí wọ́n bi Bàbá. Bàbá Bùràímọ̀, tí wọ́n jókòó sábẹ́ igi níbẹ̀, wò ó títí.

"Jákọ́ọ̀bù, máa lọ. Ẹni tó ń ṣọ̀fọ̀ lè fara da ohùn rẹ wàyí."

Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja sórí ebè tútù. Bó ṣe wà yẹn náà ló ṣe lọ, pẹ̀lú ẹrẹ̀ láyà ẹ̀wù. Mo tẹ̀ lé wọn. Kò wàásù o. Ó jókòó ti ìyá ọmọ náà nílẹ̀, ó bá a sunkún. Ibẹ̀ ni ìjọ òdìkejì odò ti bẹ̀rẹ̀, ó wà títí dòní. Lọ́jọ́ tí a sin Jákọ́ọ̀bù, àwọn ọmọ Bàbá Bùràímọ̀ ló gbẹ́ ilẹ̀ rẹ̀.

Lóde òní… wọ́n ti lẹ àwòrán tìẹ kiri ara ògiri kí wọ́n tó gbọ́wọ́ lé ọ. Ó rẹwà. Èmi ò ní kó má rẹwà.

Àmọ́ bàbá tó jókòó síwájú ilé ọ̀ọ́kán yẹn nígbà tí o dé láàárọ̀, àkọ́bí Bàbá Bùràímọ̀ ni. Inú mọ́tò lo ti juwọ́ sí wọn. Mo rí ọ láti ojú fèrèsé.

Wọ́n ṣì wà níbẹ̀. Ẹrẹ̀ pọ̀ níwájú ilé wọn o. Dìde, máa lọ.