Èmi Ni Mo Yọ Ìbòrí Sàlẹ́ńsà Náà

Ẹ̀yin tí ẹ máa ka èyí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ fún mi. N kì í ṣe ẹni tó máa ń sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ọ̀rọ̀ kan ti wà nínú mi láti ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n sẹ́yìn. Ìyàwó mi kò gbọ́ ọ títí ó fi kú. Mo ń sọ ọ́ báyìí nítorí pé ọmọ mi fẹ́ tẹ irọ́ tí mo pa sínú ìwé, wọ́n sì máa kà á ní ṣọ́ọ̀ṣì lójú ẹni tí mo pa irọ́ náà mọ́.

Mẹkáníìkì ọ̀kadà ni mí ní Ìkọ̀lé. Mo ti dàgbà kí n tó wọ ilé ìwé girama, nítorí náà bí ìwé mi kò bá dán, ẹ má bínú.

Ẹ jẹ́ kí n pe ọ̀rẹ́ mi ní Òjó. Ó máa ń fi ọ̀kadà gbé èrò àti iṣu láti Ìtàjí wá sí Ìkọ̀lé. Bí ẹrù bá ti pọ̀, òkè á dá a dúró. Ó ní kí n bá òun fi kún agbára ẹ́ńjìnnì náà. Inú mi dùn. Mo pààrọ̀ kabúrétọ̀ tó ń po epo mọ́ afẹ́fẹ́ sí èyí tó tóbi, mo gé àwọn irin inú sàlẹ́ńsà kúrò kí èéfín lè máa tètè jáde, mo sì fi páìpù mìíràn sí i.

Ọ̀kadà náà ń fò. Ṣùgbọ́n ẹ́ńjìnnì tí agbára rẹ̀ bá lé sí i, ooru rẹ̀ náà á lé sí i ni. Mo yọ púlọ́ọ̀gì wò, ó ti funfun: ìyẹn ni pé afẹ́fẹ́ ti pọ̀ ju epo lọ, iná inú rẹ̀ sì ti le jù. Páìpù tuntun náà ti di aláwọ̀ aró. Mo mọ ohun tó yẹ kí n ṣe. Mo fi kún epo tó ń wọlé. Mo fọ amọ̀ kúrò lára ẹ́ńjìnnì kí afẹ́fẹ́ lè máa tù ú. Ó ku ìbòrí, irin pẹlẹbẹ tí kì í jẹ́ kí ẹsẹ̀ èrò kan páìpù. Ti tẹ́lẹ̀ kò bá páìpù tuntun náà mu, mo sì ti yọ ọ́. Ó yẹ kí n lọ bá wẹ́dà kó ṣe òmíràn. Mi ò lọ. Mo ń kánjú kí àwọn èèyàn rí iṣẹ́ ọwọ́ mi lójú títì.

Òjó bi mí pé, "Ṣé èyí ò ní jó èèyàn báyìí?"

Mo ní, "Ìbòrí máa ń há ooru mọ́bẹ̀ ni. Jẹ́ kí afẹ́fẹ́ máa fẹ́ sí i."

Irọ́ ni. Ó ní, "Ìwọ lo mọ̀ ọ́n," ó sì gùn ún lọ.

Ní ọjọ́ kẹta ó gbé ọmọbìnrin kan wá sí ṣọ́ọ̀bù mi. Bí ọmọ náà ṣe ń sọ̀kalẹ̀ ni páìpù jó o lẹ́yìn ẹsẹ̀. Awọ ibẹ̀ ti bó. Ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì mi, ó ń sunkún, ó ń bú wa.

"Ta ló ṣe irú ọ̀kadà burúkú yìí?"

Ẹnu mi ṣáájú ọkàn mi. "Òjó, ṣé mi ò sọ fún ọ pé kí o má tíì gbé èrò títí n ó fi fi ìbòrí sí i?"

Òjó wò mí. Ó wo ọmọbìnrin náà. Ó tún wò mí.

"Òótọ́ ni," ó ní. "Mo gbàgbé ni. Ẹ jọ̀ọ́, sìsítà."

"Orí ẹ ló gbàgbé!"

Mo bu omi tútù sí ẹsẹ̀ náà, mo mú un lọ sí kẹ́mísì, mo sì ń lọ bẹ̀ ẹ́ wò lójoojúmọ́ ní Ìtàjí. Kí ọdún tó yí po, a ṣe ìgbéyàwó. Mosún ni mo máa pè é níbí. Òjó ló dúró tì mí ní ṣọ́ọ̀ṣì.

Mo bi í nígbà kan pé kí ló dé tó fi gba ẹ̀bi náà. Ó rẹ́rìn-ín. "Mo rí bí o ṣe ń wò ó. Bí mo bá sọ òótọ́, ṣé ó máa jẹ́ kí o fọwọ́ kan ẹsẹ̀ òun?" Èmi náà rẹ́rìn-ín. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀rín yẹn ń dùn mí títí di òní.

Mosún kò kórìíra rẹ̀. Bí Òjó bá gbé iṣu wá, á ké láti ilé ìdáná: "Bàbá Bùnmi, Ajónilẹ́sẹ̀ ti wọ ulé o! Ẹ gbé ẹsẹ̀ yín pamọ́!"

Òjó á ní, "Ìyá Bùnmi, ẹsẹ̀ kejì ni mo wá fún."

Ẹran tó tóbi jù ni Mosún máa ń fi síwájú rẹ̀. Ṣùgbọ́n á tún fi àpá náà han àwọn ọmọ wa. "Ẹ wo ohun tí àìgbọràn ń fà. Bàbá yín ti kìlọ̀ fún un." Òjó á tẹrí ba, á máa jẹ iyán rẹ̀ lọ.

Kò gun ọ̀kadà Òjó mọ́ láéláé, kò sì jẹ́ kí àwọn ọmọ gùn ún. Bí òjò bá ká wọn mọ́ ojú ọ̀nà ilé ìwé, Òjó á sọ̀kalẹ̀, á máa ti ọ̀kadà rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn títí wọn á fi délé. Mo máa ń rí wọn láti ṣọ́ọ̀bù mi. N ó sì tún dojú kọ iṣẹ́ mi.

Mosún kú ní ọdún tó kọjá. A máa ṣe ìrántí rẹ̀ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Bùnmi, àkọ́bí wa, ló ń kọ ìwé pẹlẹbẹ tí a máa pín. Ó ka ibi tí èmi àti ìyá rẹ̀ ti pàdé sí mi létí: ọlọ́kadà aláìgbọràn kan jó màmá wọn, bàbá wọn tó ti kìlọ̀ fún un ló tọ́jú rẹ̀. Omi wà lójú rẹ̀ bó ṣe ń kà á. Mo ní ó dára.

Ó ti lọ gba àṣẹ lọ́wọ́ Òjó. Òjó ní, "Kọ ọ́ bí màmá rẹ ṣe máa ń sọ ọ́. Ṣùgbọ́n kọ orúkọ mi dáadáa, kí àwọn ọmọ-ọmọ mi lè mọ̀ pé ẹbí kan ni wá."

Ọjọ́ tí mo gbọ́ èyí ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Ìtàn yẹn ni àwọn ọmọ mi fẹ́ràn jù nípa ìyá wọn. Ṣé àwọn ni kí n kọ́kọ́ sọ fún, àbí kí n kọ́kọ́ lọ kúnlẹ̀ fún Òjó? Mo mọ ohun tí òun máa sọ. Á ní kí n fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹ̀rù ohun tó máa tẹ̀ lé e ló ń bà mí: bó bá ti lè sọ bẹ́ẹ̀, ara á tù mí, n ó sì tún dákẹ́.